Gbàgede Ńlá ìlú Palmanova: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́ wò

Palmanova jẹ́ ìlú kékeré kan ní ẹkùn Friuli, ní apá àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Ítálì. Odi ló yí ìlú náà ká, yàrà ló yí odi ká, ní àárín gbùngbùn rẹ̀ sì ni gbàgede kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Piazza Grande, èyí tí a ó máa pè ní Gbàgede Ńlá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rí àwòrán ìlú yìí tí wọ́n yà láti ojú òfurufú, níbi tí ó ti rí bí ìràwọ̀ tí wọ́n tẹ́ sórí pápá. Àwòrán náà dára, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí wọ́n dá gbàgede náà sílẹ̀ fún. Àwọn ìbéèrè tí ó wà nísàlẹ̀ yìí ni ó yẹ kí ẹni tí ó ń gbèrò àtilọ síbẹ̀ mọ ìdáhùn wọn kí ó tó gbéra.

Ta ló tẹ ìlú náà dó, kí sì ni ìdí rẹ̀?

Ìjọba Venice ni, nígbà tí Venice ṣì jẹ́ orílẹ̀-èdè tí ó dá dúró. Ọjọ́ 7 oṣù Ọkitóbà ọdún 1593 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, wọn kò sì ṣèèṣì mú ọjọ́ náà. Ọjọ́ àjọ̀dún ẹni mímọ́ kan tí ó ń jẹ́ Santa Giustina ni, ọjọ́ yẹn kan náà sì ni Venice àti àwọn tí wọ́n jọ da ọ̀rọ̀ pọ̀ ṣẹ́gun àwọn Ottoman, ìyẹn ìjọba àwọn ará Tọ́kì ayé àtijọ́, nínú ogun ojú omi tí wọ́n jà ní Lepanto ní ọdún 1571.

Ìhà ìlà-oòrùn ni ẹ̀rù ti ń ba Venice nígbà náà. Àwọn ọmọ ogun Ottoman ti gba ibẹ̀ ya wọ Friuli rí, wọ́n jó abúlé, wọ́n sì kó ènìyàn lọ. Ìdílé ọba Habsburg, tí ó ń jọba ní Ọ́stríà, sì di ilẹ̀ mú nítòsí ibẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ Venice. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni gbogbo àgbègbè tí ìlú náà wà. Kò sí òkè tí ènìyàn lè gùn láti ṣọ́nà, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ dá ogun dúró níbẹ̀ ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ òkè tirẹ̀. Giulio Savorgnan, tí ó jẹ́ àgbà nínú ìmọ̀ odi mímọ, wà lára àwọn tí wọ́n ṣètò rẹ̀, Marcantonio Barbaro sì ni aṣojú Venice tí ó bójú tó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà.

Kí ló dé tí wọ́n fi mọ odi náà ní ìrísí ìràwọ̀?

Ìbọn àgbá ló fà á. Nígbà tí ọfà àti àkàsọ̀ jẹ́ ohun ìjà, odi tí ó ga ni ó dára. Nígbà tí àgbá dé, ọta irin bẹ̀rẹ̀ sí í wó odi gíga lulẹ̀ bí ẹni ń wó ògiri àlàpà, àwọn amọdi sì yí ọgbọ́n padà: wọ́n jẹ́ kí odi kúrú, kí ó nípọn, wọ́n sì fi erùpẹ̀ kún inú rẹ̀ kí ọta lè rì sínú rẹ̀. Ìṣòro kejì ni ti ẹsẹ̀ odi. Bí ilé ìṣọ́ bá rí roboto, ibì kan máa ń wà ní ìdí rẹ̀ tí ọta àwọn tí ó wà lórí odi kò lè dé, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀tá yóò lọ ba sí láti gbẹ́ ihò. Bí ẹ bá yọ odi ní ṣóńṣó síta, tí ẹ sì tún yọ òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó wà ní ṣóńṣó kìíní yóò máa rí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ṣóńṣó kejì, yóò sì lè yìnbọn gba ibẹ̀ kọjá. Èkíní ń ṣọ́ èkejì, èkejì ń ṣọ́ ẹ̀kẹta, títí tí ó fi yí ìlú ká. Ṣóńṣó mẹ́sàn-án ni Palmanova ní.

Odi mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Venice mọ àkọ́kọ́ láti 1593 lọ, pẹ̀lú yàrà rẹ̀. Venice kan náà ló fi èkejì kún un láàárín 1658 sí 1690, nítorí pé ìbọn àgbá ti ń jìnnà sí i. Ẹ̀kẹta, tí ó wà níta jù lọ, jẹ́ iṣẹ́ àwọn ará Faransé ní ayé Napoleon Bonaparte, láti 1806. Ẹni tí ó bá fẹsẹ̀ rìn láti inú ìlú jáde sí pápá yóò kọjá lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé. Ní ọdún 2017, àjọ UNESCO kọ odi Palmanova mọ́ àwọn odi Venice mìíràn tí ó wà ní Ítálì, Croatia àti Montenegro, ó sì pe gbogbo wọn ní ogún àjọni aráyé.

Kí ni wọ́n ń fi Gbàgede Ńlá ṣe nígbà náà?

Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà ju ti ìyókù lọ, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ àlejò kì í mọ̀, tí wọ́n fi máa ń ya fọ́tò méjì kí wọ́n tó máa lọ.

Ibi ìpéjọ àwọn ọmọ ogun ni. Igun mẹ́fà ọgbọọgba ni gbàgede náà ní, òpópónà mẹ́fà sì ni ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn lọ tààrà sí bodè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìlú náà: bodè Udine, bodè Cividale àti bodè Aquileia. Àwọn mẹ́ta yòókù lọ sí ìhà odi. Nítorí bẹ́ẹ̀, bí ariwo bá ta ní ibikíbi lára odi, olórí ogun tí ó dúró ní àárín gbàgede lè rán ènìyàn lọ síbẹ̀ ní ọ̀nà tí kò yí, tí kò sì gùn ju ti ìhà kejì lọ. Ní àárín gbàgede yìí ni wọ́n ti ń to àwọn ọmọ ogun, tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní ìrìn àti ìlò ohun ìjà, tí wọ́n sì ti ń ka àṣẹ sí wọn létí.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ rí i pé gbàgede náà tóbi ju ohun tí ènìyàn ń retí ní ìlú kékeré bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má ṣe rò pé wọ́n ṣírò rẹ̀ tì. Ó máa ń ya àlejò lẹ́nu pé kò sí orísun omi aláràbarà, kò sí igi ìbòòji ní àárín, àfi ilẹ̀ gbayawu tí oòrùn ń pa. Òfìfo yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un. Gbogbo òkúta odi tí ó wà níta, ilẹ̀ òfìfo yìí ni wọ́n ń dúró dè pé kí ó rán ènìyàn sí wọn. Ẹni tí ó bá wo odi láìwo gbàgede, tàbí tí ó wo gbàgede láìgun odi, ìdajì ìlú ló rí.

Ṣé ogun tilẹ̀ jà níbẹ̀ rí?

Ní gbogbo ìgbà tí Venice fi ni ín, ó ju 200 ọdún lọ, kò sí ọ̀tá kan tí ó dojú ìbọn kọ odi náà. Nígbà tí Venice àti Ọ́stríà jà ní àgbègbè Gradisca láti 1615 sí 1617, Palmanova ni ibùdó tí Venice ti ń rán ọmọ ogun àti oúnjẹ jáde, ṣùgbọ́n ìjà náà kò dé ẹsẹ̀ odi. Àwọn kan máa ń fi èyí sọ pé owó ìlú ṣòfò. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí odi tí ọ̀tá wò tí ó sì yà fún ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 1797 àwọn ọmọ ogun Bonaparte wọ ìlú náà, kí ọdún náà sì tó parí, ìjọba Venice ti wó, àdéhùn Campo Formio, tí Bonaparte bá Ọ́stríà ṣe, sì ti fi ilẹ̀ náà lé Ọ́stríà lọ́wọ́. Faransé tún gbà á ní 1805. Àwọn ni wọ́n wó àwọn abúlé tí ó wà nítòsí odi lulẹ̀ kí ọ̀tá má bàa rí ibi fara pamọ́ sí, àwọn àgbẹ̀ tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ sì pàdánù ilé baba wọn. Ọ́stríà padà dé ní 1814. Ní 1848, nígbà tí ìdìtẹ̀ gba ilẹ̀ Ítálì kan, àwọn ará ìlú àti àwọn ọmọ ogun tí Ọ̀gágun Carlo Zucchi darí ti bodè mọ́ Ọ́stríà, wọ́n sì fara da ìdótì títí di oṣù Júùnù kí wọ́n tó túúbá. Ọdún 1866 ni ìlú náà di ti ìjọba Ítálì.

Ọ̀rúndún ogún náà kò ṣàánú rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ẹ̀yìn ojú ogun Isonzo, odò tí Ítálì àti Ọ́stríà ti jà, ló wà, àwọn ọmọ ogun Ítálì sì ń gba ibẹ̀ lọ bọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun wọn ní Caporetto ní oṣù Ọkitóbà 1917, àwọn tí ó ń sá padà dáná sun ibẹ̀ kí ohun tí ó wà níbẹ̀ má bàa bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ní 1944 sí 1945, ní bárékè kan tí ó ń jẹ́ Caserma Piave nínú ìlú yìí, wọ́n fi ìyà jẹ àwọn tí wọ́n fura sí pé wọ́n ń bá ìjọba afipágbà ti àwọn Jámánì jà, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìtàn yìí kò tíì pẹ́ tó láti di ohun ìgbafẹ́. Ó yẹ kí àlejò mọ̀ ọ́n kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlú náà ṣe ẹ̀yìn àwòrán ẹ̀rín.

Ta ló ń gbé inú ìlú tí wọ́n kọ́ fún ogun?

Àwọn ọmọ ogun ni, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tí ń mọ odi. Ìrètí Venice ni pé àwọn oníṣòwò, àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ yóò wá kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò wá. Kò rọrùn fún ẹni tí ó ní ilé àti oko níbòmíràn láti kó lọ sí àárín odi tí wọ́n ń retí ọ̀tá sí. Ní 1622, Venice dárí ji àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan, ó sì fún wọn ní ilẹ̀ ọ̀fẹ́ nínú ìlú náà kí wọ́n lè kọ́ ilé síbẹ̀. Lónìí, ìlú àlàáfíà ni, àwọn ìdílé ń gbé ibẹ̀, wọ́n sì ń jókòó mu kọfí ní etí gbàgede. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ológun kò kúrò níbẹ̀ pátápátá, nítorí pé ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ítálì tí ó ń jẹ́ Genova Cavalleria ṣì ní ibùdó ní Palmanova.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo bá dé?

Ẹ lọ sí àárín gbàgede kí ẹ tó lọ síbòmíràn. Òpó àsíá gíga kan wà níbẹ̀, lórí ìdí tí wọ́n fi òkúta funfun ti Istria gbẹ́. Ẹ fi ẹ̀yìn ti òkúta náà, kí ẹ sì máa yí díẹ̀díẹ̀, kí ojú yín máa bá òpópónà kọ̀ọ̀kan lọ títí dé òpin rẹ̀. Ní etí gbàgede, àwọn ère ọkùnrin tí wọ́n wọ aṣọ oyè dúró káàkiri, tí wọ́n kọjú sí yín. Àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Venice rán wá ṣàkóso odi náà ni, tí oyè wọn ń jẹ́ Provveditore Generale. Ọ̀pọ̀ nínú òkúta wọn ni òjò àti yìnyín ti jẹ lójú, síbẹ̀ ìdúró wọn kò yí padà.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ sí iwájú ilé ìjọsìn ńlá tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan gbàgede náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ẹ wo ilé agogo rẹ̀ dáadáa: ó kúrú ju bí ó ti yẹ kí ó rí fún ilé ìjọsìn tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú un kúrú ni, kí ó má bàa yọ sókè lẹ́yìn odi kí ọ̀tá sì fi ṣe àmì fún àgbá rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wọlé, ẹ bo èjìká àti orúnkún, kí ẹ má sì rìn káàkiri nígbà tí ìsìn bá ń lọ.

Láti ibẹ̀, ẹ gba Borgo Udine lọ sí bodè Udine. Nínú bodè náà, wọ́n ṣì tọ́jú àwọn àgbá kẹ̀kẹ́ onígi ńláńlá tí wọ́n fi ń fa afárá sókè. Ẹ súnmọ́ wọn, kí ẹ fi ara yín wé wọn. Ẹni tí ó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà yóò mọ̀ pé títi bodè ní alaalẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan, àti pé ẹni tí ó bá pẹ́ lóko títí ilẹ̀ fi ṣú, òde ni yóò sùn.

Ṣé mo lè gun odi?

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà lórí àti lẹ́bàá odi, àwọn ará ìlú sì máa ń rìn tàbí gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Koríko àti igi ti bo ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ẹ̀gbẹ́ odi sì ga púpọ̀ láìsí ọgbà ìdènà ní àwọn ibì kan, nítorí náà ẹ di ọwọ́ àwọn ọmọdé mú. Bàtà tí kì í yọ̀ ni kí ẹ wọ̀. Àwọn ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ náà wà tí àwọn ọmọ ogun ń gbà láti inú odi bọ́ sí ìta. Ẹ má ṣe wọ inú wọn láìsí ẹni tí ó mọ ibẹ̀.

Láti ilẹ̀, ṣé a lè rí ìrísí ìràwọ̀ náà?

Rárá. Ìlú tí wọ́n kọ́ kí ọ̀tá má lè rí i láti òkèèrè ni, nítorí náà kò sí ibi gíga kan nínú rẹ̀ tí yóò fi gbogbo ara rẹ̀ hàn yín. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi drone ya àwòrán ní láti tẹ̀lé òfin àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, èyí tí ó béèrè pé kí ẹni tí ó ní drone aláwòrán kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Ẹ sì rántí pé ibùdó ológun wà nítòsí, kí ẹ má ṣe ya àwòrán rẹ̀ láti òkè tàbí láti ilẹ̀.

Ṣé owó ìwọlé wà?

Ìta gbangba ni gbàgede, òpópónà, bodè àti odi, kò sí ẹni tí yóò gba owó lọ́wọ́ yín níbẹ̀. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló lè gba owó, owó euro sì ni wọ́n ń ná. Ọ̀kan wà ní Borgo Udine tí ó sọ ìtàn ìlú, òmíràn wà ní bodè Cividale tí ó sọ ti àwọn ọmọ ogun. Ẹ wo àkókò tí wọ́n ń ṣí kí ẹ tó lọ, nítorí wọn kì í ṣí lójoojúmọ́.

Báwo ni mo ṣe lè dé ibẹ̀?

Ọkọ̀ ojú irin ni ó rọrùn jù. Ibùdókọ̀ Palmanova wà lórí ọ̀nà irin tí ó so Udine mọ́ Cervignano, ẹsẹ̀ sì lè gbé ènìyàn láti ibẹ̀ dé inú odi. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ láti ìlú Venice lè pààrọ̀ ọkọ̀ ní Udine tàbí ní Cervignano. Pápákọ̀ òfurufú tí ó súnmọ́ ibẹ̀ jù ni ti Trieste, tí ó wà ní Ronchi dei Legionari. Ẹni tí ó bá wa mọ́tò yóò gba ọ̀nà márosẹ̀ A4. Mọ́tò ṣì ń gba abẹ́ àwọn bodè àtijọ́ náà wọlé, ọ̀nà ibẹ̀ sì há, ẹ má ṣe kánjú.

Ìwé àṣẹ wo ni mo nílò?

Ẹni tí ó bá ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà Schengen. Fún ìbẹ̀wò, kò gbọdọ̀ ju 90 ọjọ́ lọ láàárín 180 ọjọ́. Ìwé ìrìnnà gbọ́dọ̀ ṣì ní agbára fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kúrò níbẹ̀, ìwé adójútòfò ìlera tí ẹ bá gbà sì gbọ́dọ̀ lè san 30,000 euro ó kéré tán. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, torí ọjọ́ ìpàdé fún físà kì í tètè yọjú.

Ìgbà wo nínú ọdún ló dára jù?

Láti oṣù Épírì sí Júùnù, àti oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà. Ní Júláì àti Ògọ́ọ̀sì, oòrùn orí gbàgede náà kì í ṣe eré, kò sì sí ìbòòji ní àárín rẹ̀. Òjò máa ń pọ̀ ní Friuli ní ìgbà ìwọ́wé, òtútù sì ń mú gan-an lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Sẹ̀tẹ́ńbà ni wọ́n máa ń ṣe àfihàn ogun 1615, tí àwọn ènìyàn ń wọ aṣọ ìgbà náà, tí wọ́n sì ń yìnbọn ní gbàgede. Ó wuyì láti rí, nítorí ìgbà yẹn ni òfìfo àárín náà ń kún bí àwọn tí wọ́n wọ̀n ọ́n ṣe fẹ́ kí ó kún, ṣùgbọ́n èrò máa ń pọ̀, ìró ìbọn sì lè dẹ́rù ba ọmọ kékeré.

Ṣé àgbàlagbà tàbí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn lè lọ?

Gbàgede àti àwọn òpópónà tẹ́jú, wọn kò ní wàhálà. Odi ni ó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹni tí kò bá lè gùn ún lè rí yàrà àti ṣóńṣó odi láti ẹnu bodè.

Bí mo bá ní àyè sí i, ibo ni mo tún lè lọ ní àgbègbè náà?

Aquileia wà ní gúúsù, ìlú tí àwọn ará Róòmù tẹ̀ dó ní ọdún 181 ṣáájú ìbí Krístì, tí ilẹ̀ ilé ìjọsìn rẹ̀ kún fún àwòrán tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tò. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ni àyè yín gbà, Redipuglia ni kí ẹ lọ, ní ìhà ìlà-oòrùn. Ibẹ̀ ni wọ́n sin àwọn ọmọ ogun Ítálì tí ó ju 100,000 lọ sí, àwọn tí wọ́n kú ní ojú ogun Isonzo, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní orúkọ. Wọ́n ṣí ibojì náà ní 1938. Palmanova ni kí ẹ kọ́kọ́ dé ní òwúrọ̀, kí ẹ wo bí wọ́n ti ń to ọmọ ogun sórí ilẹ̀ kí wọ́n tó rán wọn jáde, kí ẹ tó lọ sí Redipuglia lọ́sàn-án.